Fláàṣì pẹ̀lú ṣọ́tà tó ń falẹ̀: ìdí tí ẹ̀yìn fótò alẹ́ fi máa ń ṣókùnkùn

Ó dá mi lójú pé èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ rí tẹ́ẹ bá ní kámẹ́rà. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ọ̀rẹ́ yín dúró síbi tó dáa, iná ìlú ń tàn lẹ́yìn ẹ̀ lọ́hùn-ún, ojú ọ̀run sì ṣì ní búlúù díẹ̀ tó wu ojú. Ẹ gbé kámẹ́rà, ẹ tẹ bọ́tìnì, fláàṣì kọ yẹ̀rì. Ẹ wá wo fótò yẹn, ojú ọ̀rẹ́ yín funfun bí ẹni tó kun ẹfun, gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ sì ṣókùnkùn biribiri. Iná ìlú dà? Búlúù ojú ọ̀run dà? Ẹlòmíì á wá pa fláàṣì, á tún un yà, iná ẹ̀yìn á sì jáde lóòótọ́ ṣùgbọ́n ojú ọ̀rẹ́ yẹn á dúdú, tàbí kí gbogbo ẹ̀ fà kó rí bàìbàì. Á wá dà bíi pé kámẹ́rà ń sọ pé kéèyàn mú ọ̀kan kó fi ìkejì sílẹ̀.

Ẹ lè ní méjèèjì nínú fótò kan ṣoṣo o. Ohun tẹ́ẹ nílò ti wà nínú kámẹ́rà yín, orúkọ tí wọ́n fún un ló ń da èèyàn láàmú: slow sync, front curtain, rear curtain, àwọn orúkọ tí kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ó pẹ́ gan-an kó tó yé èmi náà, torí gbogbo àlàyé tí mo kà nígbà yẹn, orí bọ́tìnì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, tẹ èyí, yí tọ̀hún, kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kámẹ́rà fún mi. Inú kámẹ́rà yẹn ni kẹ́ẹ jẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbàkigbà tẹ́ẹ bá fi fláàṣì ya fótò, fótò méjì lẹ̀ ń yà lórí ara wọn. Òótọ́ ni pé ẹ̀ẹ̀kan lẹ tẹ bọ́tìnì, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ oríṣi méjì ló wọlé, wọn ò sì wọlé bákan náà. Ìmọ́lẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kẹ́ẹ tó dé, iná yàrá, iná títì, ojú ọ̀run, ìyẹn máa ń ṣàn wọlé ní gbogbo àkókò tí ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà tó ń ṣí tó ń tì, bá fi wà ní ṣíṣí, bí omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì: tẹ́ẹ bá ṣí i fún ìgbà pípẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì á kún, tẹ́ẹ bá tètè tì í, ìsàlẹ̀ lomi máa wà. Ti fláàṣì dà bí ìgbà téèyàn gbé ife omi kan, tó dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ì báà ṣí fún ìṣẹ́jú kan, ó ì báà ṣí fún wákàtí kan, ife yẹn ò lè pọ̀ ju ife lọ.

Torí fláàṣì yára kọjá bẹ́ẹ ṣe rò. Àwọn fláàṣì kékeré tí wọ́n ń gbé sórí kámẹ́rà, tí wọ́n bá lo gbogbo agbára wọn, nǹkan bíi 1/1000 sẹ́kọ́ńdì náà ni, tẹ́ẹ bá sì dín agbára ẹ̀ kù ṣe ló tún máa yára sí i, ó lè dé 1/20,000 sẹ́kọ́ńdì. Ṣọ́tà tẹ́ẹ fi sí 1/60 ti gùn lójú fláàṣì, 1/2 sẹ́kọ́ńdì náà gùn lójú ẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ kankan fún un. Ó ti dé ó ti lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1851 ní London, William Henry Fox Talbot, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ dá fótò yíyà sílẹ̀, lẹ ojú ìwé ìròyìn The Times mọ́ wíìlì kan, ó ní kí wọ́n máa yí i kíákíá nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ó ṣí lẹ́ńsì sílẹ̀, ó wá jẹ́ kí iná mànàmáná ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìwé tó ń sáré yí jáde nínú fótò bíi pé ó dúró gbagidi. Ẹ wò ó dáadáa: lẹ́ńsì ti ṣí kí iná tó ṣẹ́, ó ṣì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn tó ṣẹ́ tán, kò sì ba nǹkan kan jẹ́ torí yàrá yẹn ṣókùnkùn, iná yẹn nìkan ló rí nǹkan kọ. Harold Edgerton tó wà ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, náà, ọ̀nà yìí ló gbà láti àwọn ọdún 1930 lọ tó fi ń ya ẹ̀kán mílíìkì tó ń já àti ọta ìbọn tó ń gba inú nǹkan kọjá. Ohun tó ń dá nǹkan dúró nínú irú fótò bẹ́ẹ̀ ni fláàṣì, kì í ṣe ṣọ́tà, èyí sì ni kókó tó yẹ kó wà lọ́kàn yín bá a ṣe ń lọ.

Ó wá túmọ̀ sí pé oníkálukú ló ní ohun tó ń darí ẹ̀. Ṣọ́tà ló ń pinnu bí iná àyíká ṣe máa pọ̀ tó, kò lágbára kankan lórí fláàṣì. Agbára tẹ́ẹ fún fláàṣì àti bí èèyàn yẹn ṣe jìnnà sí i tó, ìyẹn ló ń pinnu bí ojú ẹ̀ ṣe máa mọ́lẹ̀ tó. ISO, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tètè hàn lójú kámẹ́rà tó, àti bí ojú lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó, ìyẹn aperture, àwọn yẹn ń fọwọ́ kan méjèèjì pọ̀. Tó bá jẹ́ gbólóhùn yìí nìkan lẹ gbé lọ nínú gbogbo ohun tí mò ń kọ, mo ti jẹ èrè.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín tó dúró lálẹ́. Kí ló dé tí ẹ̀yìn ẹ̀ fi dúdú? Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ fláàṣì kì í rìn jìnnà, bó ṣe ń lọ ló ń fọ́n káàkiri tó sì ń dín kù, ó sì máa ń dín kù kíá ju bọ́kàn èèyàn ṣe rò lọ. Ẹni tó wà ní mítà 2 sí fláàṣì, tó bá sún sẹ́yìn dé mítà 4, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ yẹn ló máa kàn án, kì í ṣe ìdajì. Tó bá dé mítà 8, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Ilé tó wà ní igba mítà lẹ́yìn ọ̀rẹ́ yín ò mọ̀ pé fláàṣì kankan tàn. Iná tiẹ̀ fúnra ẹ̀ nìkan ló lè yà á, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ, ó sì nílò àkókò.

Ìdí kejì rèé: kámẹ́rà ò fún un lákòókò yẹn. Tẹ́ẹ bá tan fláàṣì, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, tó bá wà ní P tàbí auto, níbi tó ti ń yan iye ṣọ́tà fúnra ẹ̀, kì í jẹ́ kí ṣọ́tà lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 1/60 sẹ́kọ́ńdì lọ. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ máa ń gbọ̀n, tí ṣọ́tà bá pẹ́ jù fótò á fà, wọ́n wá fi ọgbà yí i ká pé kó má kọjá ibẹ̀. Lọ́sàn-án tàbí nínú yàrá tó mọ́lẹ̀, kò burú. Lálẹ́, 1/60 yẹn kéré jù kí iná ìlú tó ráyè wọlé.

Slow sync ò ju pé wọ́n ká ọgbà yẹn kúrò lọ. Ẹ̀ ń sọ fún kámẹ́rà pé: tan fláàṣì fún ẹni tó wà níwájú, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ṣọ́tà ṣí títí tí iná ẹ̀yìn á fi wọlé tó, bó bá tiẹ̀ máa gba sẹ́kọ́ńdì odidi. Fláàṣì yẹn ò yí padà, kò le sí i, kò falẹ̀. Orúkọ yẹn ló ń tan àwọn èèyàn, wọ́n á máa rò pé fláàṣì ló ń lọ́ra. Ṣọ́tà ló ń lọ́ra.

Tẹ́ẹ bá ń lo Nikon, ẹ máa rí SLOW lára àwọn mòódù fláàṣì tẹ́ẹ bá wà ní P tàbí A, ìyẹn ibi tẹ́ẹ ti ń yan ojú lẹ́ńsì tí kámẹ́rà á sì yan ṣọ́tà. Tẹ́ẹ bá bọ́ sí S tàbí M ẹ ò ní rí i mọ́, ẹ má sì rò pé ó bàjẹ́, níbẹ̀ ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń mú iye ṣọ́tà, kò sí ọgbà tí wọ́n fẹ́ ká. Ti Canon yàtọ̀ díẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ wọn, tẹ́ẹ bá wà ní Av, tó jẹ́ A tiwọn, ó ti máa ń jẹ́ kí ṣọ́tà falẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tẹ nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá kúrò ní P bọ́ sí Av lálẹ́ pẹ̀lú fláàṣì ṣe máa ń ṣàdédé rí i pé fótò òun ń fà. Lórí àwọn kámẹ́rà tó ní àwòrán èèyàn pẹ̀lú ìràwọ̀ tàbí òṣùpá lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń pè ní Night Portrait, nǹkan kan náà ni, wọ́n kàn dì í fún yín ni. Fóònù náà ti ń ṣe é, iPhone 8 tó jáde ní 2017 wà lára àwọn tó gbé slow sync wá fún iná kékeré ẹ̀yìn fóònù.

Èmi fẹ́ràn M, níbi tí mo ti ń fọwọ́ mi yan ṣọ́tà àti ojú lẹ́ńsì, ju gbogbo ẹ̀ lọ fún iṣẹ́ yìí, torí mo fẹ́ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé mo fi ojú lẹ́ńsì sí f/4, ISO sí 800, mo fi fláàṣì sílẹ̀ lórí TTL kó máa wọn ojú èèyàn yẹn fúnra ẹ̀. Mo yà á ní 1/60: ojú dáa, ẹ̀yìn dúdú. Mo sọ ọ́ di 1/15, iná àyíká ti di ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn, àwọn fèrèsé tó tanná lọ́hùn-ún ti ń yọjú. Mo sọ ọ́ di 1/4, ìlọ́po mẹ́rìndínlógún, búlúù ojú ọ̀run ti padà wá, èèyàn sì ti lè rí orí òrùlé. Ojú èèyàn tó wà níwájú ńkọ́? Bákan náà ló rí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo to fótò mẹ́ta bẹ́ẹ̀ síra, tí mo rí ojú kan náà tí kò yí padà níwájú ìlú tó ń jí díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ìgbà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tó wọlé sí mi lágbárí.

Ẹ á bi mí pé ṣé 1/4 ò ní fà ni? Ó máa fà, ẹ̀yìn ló máa fà tẹ́ ò bá gbé kámẹ́rà sórí tripod, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, tàbí kẹ́ẹ fi ti ògiri. Ẹni tó wà níwájú lè má fà rárá, tó bá jẹ́ pé inú òkùnkùn ló wà, tí kò sí iná mìíì lára ẹ̀ àfi ti fláàṣì, torí ìgbà tí fláàṣì tàn nìkan ni kámẹ́rà rí i. Ṣùgbọ́n tó bá dúró sábẹ́ iná títì, iná yẹn náà á máa kọ ọ́ sínú fótò ní gbogbo àkókò tí ṣọ́tà ṣí, tó bá wá mira díẹ̀ ẹ máa rí ojú méjì, ọ̀kan tó mú ṣáká àti òmíì tó dà bí òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nítorí náà kẹ́ẹ tó tẹ nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tẹ́ẹ fẹ́ kó dúró sí. Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ gílóòbù, ẹ mú un wá síbi tó ṣú díẹ̀, kí iná tó dáa wà lẹ́yìn ẹ̀.

Òmíì tún wà tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo ya ọ̀rẹ́ mi kan báyìí lálẹ́, mo fi ṣọ́tà sí sẹ́kọ́ńdì 1, kámẹ́rà wà lórí tripod, gbogbo nǹkan pé. Fláàṣì tàn, ó rò pé ó ti parí, ó rẹ́rìn-ín, ó yà sápá kan. Ṣọ́tà ṣì wà ní ṣíṣí. Nígbà tí mo wo fótò, iná títì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti gba inú èjìká ẹ̀ yọ, ẹ̀ ń rí aṣọ ẹ̀ ẹ sì ń rí iná láàárín aṣọ yẹn, bíi pé gíláàsì ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ara ẹ̀ ló ń dí iná ẹ̀yìn yẹn lọ́nà, bó ṣe kúrò báyìí ni iná ráyè wọlé síbi tó ti dúró. Látìgbà yẹn, mo máa ń sọ fún èèyàn kí n tó yà á pé, ẹ jọ̀ọ́ tí fláàṣì bá ti tàn ẹ má tíì mira, ẹ dúró kí n ní ó tán. Gbólóhùn yìí ti gba fótò mi là ju irinṣẹ́ olówó gọbọi lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kọ́tìnì, ibi tó ń rú àwọn èèyàn lójú jù lọ. Inú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́ńsì ẹ̀, kọ́tìnì méjì ló wà níwájú sẹ́ńsọ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀, àwọn ló para pọ̀ jẹ́ ṣọ́tà. Tẹ́ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ti àkọ́kọ́ á sún kúrò kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, tí àkókò bá pé ti ìkejì á sún tẹ̀lé e, á sì tì í. Tẹ́ẹ bá ti mú ṣọ́tà tó yára jù, ìkejì á ti máa bọ̀ kí àkọ́kọ́ tó sún tán, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló máa wà láàárín wọn, tí fláàṣì bá wá tàn, apá kan fótò á dúdú. Ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà kì í fi gbà kẹ́ẹ lò ju nǹkan bíi 1/200 tàbí 1/250 lọ pẹ̀lú fláàṣì lásán. Ṣọ́tà tó ń falẹ̀ ò ní irú ìṣòro yẹn, kọ́tìnì méjèèjì ti fàyè sílẹ̀ pátápátá, ìgbà tó bá wu fláàṣì ló lè tàn níbẹ̀.

Ìgbà wo ni kó wá tàn? Front curtain ní kó tàn bí kọ́tìnì àkọ́kọ́ bá ṣe kúrò tán. Rear curtain, tí Canon ń pè ní second curtain, ní kó dúró títí ó fi ku díẹ̀ kí ìkejì máa bọ̀. Ìyàtọ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní òpin.

Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lálẹ́, iná kékeré wà níwájú kẹ̀kẹ́ yẹn, ó ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, mítà 5 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ẹ fi ṣọ́tà sí 1/2 sẹ́kọ́ńdì, láàárín ìgbà yẹn á ti rin mítà méjì ààbọ̀. Tó bá jẹ́ front curtain, fláàṣì á mú un ní ìbẹ̀rẹ̀, ní apá òsì, á dúró ṣáká níbẹ̀, ṣùgbọ́n iná iwájú kẹ̀kẹ́ ò dúró, á máa fa ìlà lọ sápá ọ̀tún fún ìyókù àkókò yẹn. Nínú fótò, ìlà ìmọ́lẹ̀ wà níwájú ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, ojú wa ò sì mọ irú ìyẹn, ohun tójú mọ̀ ni pé ẹ̀yìn nǹkan tó ń sáré ni ìlà máa ń wà, á wá dà bíi pé ẹ̀yìn ló ń fi rìn. Tẹ́ẹ bá fi sí rear curtain, iná ti fa ìlà ẹ̀ láti òsì wá kí fláàṣì tó wá mú un ṣáká ní ọ̀tún, ìlà yẹn á wà lẹ́yìn ẹ̀ bí ìrù. Kẹ̀kẹ́ kan náà, títì kan náà, eré kan náà.

Mo ti rí àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn pé kéèyàn fi rear curtain sílẹ̀ títí ayé. Èmi ò gbà. Tẹ́ẹ bá ń ya fótò ní 1/125, kẹ̀kẹ́ yẹn ò tíì rin ju sẹ̀ntímítà 4 lọ, ìbẹ̀rẹ̀ òun òpin ti fẹ́ẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà. Tẹ́ẹ bá sì ń ya èèyàn tó dúró jẹ́ẹ́ ní sẹ́kọ́ńdì 1, rear curtain lè dá wàhálà sílẹ̀, torí tí fláàṣì bá wà ní TTL, ó máa ń kọ́kọ́ tàn fẹ́ẹ́ láti fi wọn ìmọ́lẹ̀, kí èyí tó ń ya fótò gan-an tó tàn lópin. Ẹni tẹ́ẹ ń yà á rí ti àkọ́kọ́, á rò pé ó ti tán, á ṣíjú kúrò tàbí kó pajú dé, fláàṣì gidi á wá bá a bẹ́ẹ̀. Ẹ fi rear curtain sílẹ̀ fún ohun tó ń lọ, ijó, kẹ̀kẹ́, ọmọdé tó ń sáré. Ẹni tó dúró, front curtain. Iná tó ń dín ojú pupa kù, red-eye, ẹ tiẹ̀ pa ìyẹn tẹ́ẹ bá ń ya ohun tó ń sáré, ó máa ń tàn ṣíwájú, kámẹ́rà á sì dúró de é kó tó ya fótò, nǹkan tẹ́ẹ fẹ́ yà á ti kọjá.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń jó, 1/8 tàbí 1/15 dáa gan-an, ẹ tiẹ̀ lè mọ̀ọ́mọ̀ yí kámẹ́rà díẹ̀ bẹ́ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àwọn gílóòbù á fa ìlà yípo, oníjó á sì dúró ṣáká láàárín wọn. Ẹ ṣọ́ ISO auto níbẹ̀ o, tó bá gbéra sókè fúnra ẹ̀, iná àyíká á pọ̀ jù, òjìji á pọ̀ lára àwọn èèyàn. Ẹ fọwọ́ yín mú iye kan kẹ́ẹ má yẹ̀ ẹ́.

Àwọ̀ náà máa dààmú yín. Fláàṣì funfun bí ọ̀sán, nǹkan bíi 5500 lórí òṣùwọ̀n Kelvin tí wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná, gílóòbù tó ń tàn ní àwọ̀ ọsàn wà ní nǹkan bíi 3000. Tẹ́ẹ bá jẹ́ kí kámẹ́rà tẹ̀lé fláàṣì, ẹ̀yìn á pọ́n, tó bá tẹ̀lé gílóòbù, ojú èèyàn á di búlúù. Kò sí sẹ́tìn kan nínú kámẹ́rà tó lè tún méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń pè ní CTO bo ojú fláàṣì kó lè bá gílóòbù mu, wọ́n á sì sọ fún kámẹ́rà pé iná gílóòbù ni gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yìn tó pọ́n díẹ̀ ò burú lójú tèmi ṣá, ó máa ń jẹ́ kó dà bí alẹ́ lóòótọ́. Ojú tó di búlúù ni mi ò lè gbà. Tí ojú bá sì ń funfun jù, ẹ dín fláàṣì nìkan kù, ẹ fi flash compensation sí -1, ẹ má fọwọ́ kan ṣọ́tà torí ẹ̀yìn ló máa bàjẹ́.

Ẹ dán an wò lálẹ́ òní. Ẹ gbé àga kan síwájú nínú yàrá tó ṣú díẹ̀, ẹ tan iná kékeré kan lẹ́yìn ẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ gbé kámẹ́rà lé nǹkan tí kò ní mì. M, f/4, ISO 400, fláàṣì sórí TTL. Ẹ yà á ní 1/125, ní 1/30, ní 1/8, ní 1/2. Ẹ to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síra, ẹ kọ́kọ́ wo àga, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ wo ògiri ẹ̀yìn. Tẹ́ẹ bá ṣe ìyẹn tán, ẹ sọ ọ́ di sẹ́kọ́ńdì 1, kí ẹnì kan mú tọ́ọ̀ṣì dání kó rìn kọjá níwájú àga yẹn, ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan ní front curtain, ẹ tún un yà ní rear curtain, kẹ́ẹ wá wá ibi tí ìlà tọ́ọ̀ṣì wà sí ọwọ́ tó mú un dání.